FRIEDRICH KẸTA: ỌBA JÁMÁNÌ TÍ JẸJẸRẸ GBA OHÙN LẸ́NU RẸ̀

Ìfáàrà

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí a sábà máa ń fi í kọ́ ara wa ni pé kí ènìyàn máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí ó kọjá ni òwe náà ti yí padà létí tèmi. Ohùn gan-an ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ báyìí, ohùn tí ó ń ti inú gògóńgò jáde, tí ó sì lè fọ́ bí ẹyin.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbé ní Òkókómáíkò. Èrò pípè ni iṣẹ́ wọn ní ìdíkọ̀ Ìyànà-Ìbà. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń ké sí àwọn tí ń lọ sí Máìlì Tú, Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Ohùn wọn ni oko wọn, òun náà ni àdá wọn. Wọn a sì máa mu sìgá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ohùn wọn há, gbogbo wa ní ariwo ni ó fà á. Wọ́n jẹ orógbó, wọ́n lá oyin, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ mu, wọ́n ra oògùn ọ̀fun oríṣiríṣi. Oṣù márùn-ún kọjá kí a tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun. Àrùn jẹjẹrẹ ni, inú gògóńgò ni ó sì jókòó sí. Àwọn oníṣègùn ní kí àwọn yọ gògóńgò náà kúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní sáà ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni a ń kọ́ fònẹ́tíìkì ní kíláàsì. Olùkọ́ wa ya àwòrán àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀ sójú pátákó: ẹ̀dọ̀fóóró tí èémí ti ń jáde, kòmóòkun tí èémí ń gbà kọjá, gògóńgò, àti tán-án-ná méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀. Tán-án-ná yìí ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, òun náà ni ó ń fà le tàbí kí ó dẹ̀ tí a fi ń mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Bí mo ti ń ya àwòrán náà sínú ìwé mi, ọkàn mi wà ní Òkókómáíkò. Mo gba ilé ìkàwé lọ láti wá ohun tí a lè ṣe fún irú àrùn bẹ́ẹ̀ kiri. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ ọba Jámánì ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Èsì mi ni pé ayé kò jìnnà síra tó bí a ti rò. Títì Àgbádárìgì tí ó gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀jọ́ kọjá, bí ènìyàn bá tọ̀ ọ́ dé Sẹ̀mẹ̀ tí ó sì la Kútọnu já, Lómé ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ní oṣù keje ọdún 1884 ni Jámánì sọ ilẹ̀ Tógò di tirẹ̀, ọkùnrin yìí sì ni Àrẹ̀mọ Jámánì nígbà náà. Ní ọdún 1885, díẹ̀ ni ó kù kí ilẹ̀ Máhìn tí ó wà ní etíkun Yorùbá bọ́ sábẹ́ Jámánì nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ Gaiser tí ń ṣòwò ní Èkó, kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìtàn rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀.

Ìbí àti Ìtọ́dàgbà Rẹ̀

Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1831 ni a bí Friedrich ní ààfin kan ní Potsdam, ìlú tí kò jìnnà sí Berlin. Wilhelm ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ ọba Prussia ni. Ní àkókò yẹn, Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìjọba kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀, Prussia sì jẹ́ alágbára láàárín wọn. Jagunjagun pọ́ńbélé ni bàbá rẹ̀. Augusta ìyá rẹ̀ wá láti Weimar, ìlú tí àwọn akéwì àti ọ̀mọ̀wé ti rí ojúrere ọba. Ìwà àwọn òbí méjèèjì hàn lára ọmọ náà: ó mọ ogun jà, ó sì fẹ́ràn ìwé. Yunifásítì Bonn ni ó ti kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìtàn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1858, ó gbé Victoria níyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin yìí ni àkọ́bí Victoria ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 17 sì ni nígbà náà. Ìfẹ́ òtítọ́ wà láàárín wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́rin. Méjì nínú àwọn ọkùnrin náà kú ní kékeré. Wilhelm tí í ṣe àkọ́bí ni apá rẹ̀ òsì rọ nígbà ìbí, kò sì bá àwọn òbí rẹ̀ ṣọ̀kan nígbà tí ó dàgbà.

Àrẹ̀mọ Tí Ó Pẹ́ Lórí Ìdúró

Ní ọdún 1861, bàbá rẹ̀ gun orí ìtẹ́ Prussia, Friedrich sì di Àrẹ̀mọ. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ipò Àrẹ̀mọ jẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ ni, àfi ìgbà tí Aláàfin Àtìbà yí àṣà náà padà, tí Adélù ọmọ rẹ̀ sì jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1859. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní Prussia. Síbẹ̀, ọdún 27 ni Friedrich fi dúró de ìtẹ́, ẹ ó sì rí i pé díẹ̀ ni ó kù kí òun náà bá bàbá rẹ̀ lọ.

Nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ni okìkí rẹ̀ kàn lójú ogun. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1866, nígbà tí Prussia dojú kọ Austria ní Königgrätz, ọmọ ogun tirẹ̀ ni ó gba inú ẹrẹ̀ dé ní ọ̀sán tí ó fi yí ogun náà sí rere fún Prussia. Ní ọdún 1870, ó ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Wissembourg àti ní Wörth láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1871, wọ́n kéde bàbá rẹ̀ ní Versailles gẹ́gẹ́ bí ọba ńlá lórí gbogbo Jámánì.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kórìíra ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí àwọn aṣòfin ní agbára, kí ìwé ìròyìn sì lè sọ tẹnu rẹ̀. Bismarck, olórí ìjọba bàbá rẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí Baṣọ̀run Gáà ti rí ní Ọ̀yọ́ ni Bismarck rí ní Berlin: ọba wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1863, nígbà tí ìjọba pa àwọn ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́, Friedrich sọ ní gbangba ní ìlú Danzig pé òun kò lọ́wọ́ sí i. Inú bí bàbá rẹ̀ gidigidi, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe dán irú rẹ̀ wò mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbá a sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Nígbà tí ìkórìíra àwọn Júù sì ń ru sókè ní Berlin, ó wọ aṣọ oyè ológun rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn wọn ní ọdún 1880 kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ wò ó: ènìyàn ni ó kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́, kí àrùn tó wá pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá.

Bí Ohùn Rẹ̀ Ṣe Há

Ní oṣù kìíní ọdún 1887, ohùn Àrẹ̀mọ há. Ọmọ ọdún 55 ni, kì í sì í jìnnà sí ìkòkò tábà rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé òtútù ni. Nígbà tí kò lọ, wọ́n pe Gerhardt, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Berlin, ní oṣù kẹta.

Dígí kékeré tí ó ní ọrùn gígùn ni Gerhardt fi wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi dígí wo tán-án-ná ara rẹ̀ kì í ṣe oníṣègùn rárá. Manuel Garcia ni, olùkọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí orin ti ń wá. Inú irú dígí bẹ́ẹ̀ ni Gerhardt ti rí kókó kékeré kan lórí tán-án-ná òsì. Ó gbìyànjú láti fi wáyà já a, kò já. Ó wá ń fi wáyà tí ó gbóná pọ́n fòò jó o, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n rán Àrẹ̀mọ lọ sí ìlú Ems kí ó lọ sinmi nídìí omi ìwòsàn. Nígbà tí ó fi máa padà ní oṣù karùn-ún, kókó náà ti tóbi sí i.

Gerhardt bá pe Ernst von Bergmann, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Berlin. Jẹjẹrẹ ni Bergmann fura sí. Kí òye ohun tí ó tẹ̀lé e lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tí ó wà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ayé ìgbà náà. Èkíní ni kí wọ́n gba ẹnu wọlé, kí wọ́n fi ẹ̀mú kékeré já ohun tí ó hù náà. Èkejì ni kí wọ́n la gògóńgò níwájú, bí ẹni ń ṣí ìwé, kí wọ́n gé apá tí ó ń ṣàìsàn kúrò, kí wọ́n sì pa á dé. Ohùn yóò há títí ayé, ṣùgbọ́n ohùn yóò wà. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n yọ gògóńgò kúrò, yálà ìlàjì tàbí odindi. Billroth ni ó kọ́kọ́ yọ odindi gògóńgò nítorí jẹjẹrẹ, ní Vienna, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1873. Oṣù díẹ̀ ni aláìsàn náà lò lẹ́yìn rẹ̀ tí àrùn náà padà tí ó sì pa á. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n dá ihò sí kòmóòkun lọ́rùn, kí wọ́n ki ọ̀pá èémí bọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í wo àrùn. Kí aláìsàn má baà kú ikú àìlèmí ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀nà kejì ni Bergmann yàn. Wọ́n mú ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, wọ́n sì ti tọ́jú ohun èlò sílẹ̀.

Ìjà Àwọn Oníṣègùn

Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ránṣẹ́ pe Morell Mackenzie láti Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ẹni tí ó dá ilé ìwòsàn ọ̀fun sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1863, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní gbogbo Yúróòpù. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ni ó dé, ọjọ́ kan péré ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Mackenzie ní kò tọ́ kí wọ́n la ọ̀fun ọmọ ọba nítorí ìfura lásán. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ já díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n gbé e fún Rudolf Virchow, àgbà onímọ̀ àrùn ní Berlin, kí ó fi ẹ̀rọ awò-kékeré yẹ̀ ẹ́ wò.

Virchow yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí jẹjẹrẹ. Mackenzie tún já òmíràn, Virchow kò tún rí nǹkan kan. Wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ abẹ náà. Inú ìdílé ọba dùn. Bergmann àti Gerhardt kò gbà, Gerhardt sì ń fi ẹ̀sùn kan Mackenzie pé ẹ̀mú rẹ̀ ti ṣe tán-án-ná ọ̀tún tí kò ṣàìsàn léṣe. Ó di ọ̀rọ̀ Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń gbè sẹ́yìn oníṣègùn ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti ronú púpọ̀ lórí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Ohun tí Mackenzie béèrè dára: ìdánwò kí a tó gé ènìyàn ni gbogbo oníṣègùn ń ṣe lónìí. Ohun tí Virchow sọ nípa ègé tí wọ́n gbé fún un kì í sì í ṣe irọ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n sọ ohun tí ègé kékeré kan wí di ẹ̀rí fún gbogbo ọ̀fun. Ẹni tí ó bu omi ìṣàn kan tí kò rí ẹja nínú igbá rẹ̀ kò lè sọ pé odò náà kò ní ẹja.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1887, Àrẹ̀mọ gun ẹṣin ní Lọ́ńdọ̀nù níbi ayẹyẹ àádọ́ta ọdún tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ń jọba. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó sì ga ju gbogbo ẹni tí ó yí i ká lọ. Àwọn èrò ojú títì ń hó yè. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ikú ti wà lọ́fun rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, ọbabìnrin fi Mackenzie joyè.

San Remo

Láti Gẹ̀ẹ́sì, Àrẹ̀mọ lọ sí Scotland, ó lọ sí àwọn òkè Tyrol, ó gba Venice kọjá, ó sì sọ̀ sí San Remo létí òkun Ítálì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Afẹ́fẹ́ tí kò tutù ni ó ń sá tọ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ọ̀fun rẹ̀ tún wú. Kókó tuntun ti yọ nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Mackenzie fúnra rẹ̀ gbà pé ó jọ jẹjẹrẹ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Oníṣègùn wá láti Vienna, láti Berlin àti láti Frankfurt. Ọ̀nà kejì tí Bergmann fẹ́ gbà ní oṣù karùn-ún ti dí. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n yọ odindi gògóńgò, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n sì dá ihò èémí sí i lọ́rùn nígbà tí ó bá di dandan. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Àrẹ̀mọ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lórí ìdúró láìmira. Ó ní kí wọ́n má yọ gògóńgò òun; ihò èémí nìkan ni òun gbà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ojo. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn fún ni ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ a máa ṣàn sínú ẹ̀dọ̀fóóró wọn, kò sì tíì sí oògùn bíi pẹnisílíìnì tí ó lè pa kòkòrò tí ó bá wọ ojú ọgbẹ́. Ó mọ̀ pé bàbá òun ti lé ní 90 ọdún, ìtẹ́ sì lè ṣófo nígbàkúùgbà. Ní Berlin, wọ́n ti fún Wilhelm ọmọ rẹ̀ láṣẹ láti máa fọwọ́ sí ìwé dípò bàbá-bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1888, mímí di ìṣòro. Bramann, ọmọ iṣẹ́ Bergmann, dá ihò sí i lọ́rùn, ó sì ki ọ̀pá èémí bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Friedrich kò tún sọ̀rọ̀ sókè mọ́ títí ó fi kú. Ìwé pélébé àti lẹ́ẹ̀dì ni ó di ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ 99

Oṣù kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, bàbá rẹ̀ wàjà. Àrẹ̀mọ ọdún 27 di Kábíyèsí. Inú ọgbà ni ó wà ní San Remo nígbà tí wáyà dé. Ọ̀kan nínú ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bọ́ àmì oyè tí ó ga jù ní Prussia lára rẹ̀, ó sì fi í kọ́ aya rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì dé Charlottenburg lẹ́bàá Berlin nínú yìnyín. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú bàbá rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú, kò lè tẹ̀lé e nítorí òtútù. Ojú fèrèsé ni ó ti dúró wò ó.

Ọba ni, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ lẹ́nu. Gbogbo ètò tí ó ti ń gbèrò láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ìlú lómìnira, kí agbára Bismarck dínkù, kò sí ìgbà láti ṣe é. Àwọn ìjòyè tí ó yẹ kí wọ́n máa wárí fún un ti ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Ìjà àwọn oníṣègùn kò sì rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọ̀pá èémí rẹ̀ ń dí, wọ́n ní kí Bergmann wá pààrọ̀ rẹ̀. Mackenzie sọ pé ọ̀pá náà gba ibi tí kò yẹ, ó sì dá ojú ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Bergmann ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín wọn ni ọba dùbúlẹ̀ sí.

Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń ka ìwé ìjọba tí ó sì ń fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ó wọ aṣọ ọ̀ṣọ́ jókòó níbi ìgbéyàwó Heinrich ọmọ rẹ̀, ó bo ọ̀pá ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ó yọ Puttkamer, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé tí kì í fẹ́ kí ará ìlú mí, kúrò nípò. Iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo tí ó rí ṣe nìyẹn.

Wọ́n ti gbé e gba ojú odò padà sí ààfin Potsdam tí a bí i sí. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1888, lẹ́yìn ọjọ́ 99 lórí ìtẹ́. Ọmọ ọdún 56 ni. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, Virchow sì wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, ó ti jẹ gògóńgò náà run.

Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Kí ara ọba tó tutù ni àwọn ọmọ ogun Wilhelm ti yí ààfin ká, tí wọ́n ń wá ìwé bàbá rẹ̀. Wọn kò rí i. Ó ti gbé wọn pamọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1887. Àwọn oníṣègùn Jámánì tẹ ìwé jáde láti dá Mackenzie lẹ́bi. Mackenzie náà tẹ tirẹ̀, ó tú àṣírí aláìsàn rẹ̀ síta, àwọn oníṣẹ́ abẹ ìlú rẹ̀ sì bá a wí nítorí rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1892. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa Victoria aya ọba ní ọdún 1901. Wilhelm Kejì lé Bismarck kúrò ní ọdún 1890. Ní ọdún 1914 ó kó Jámánì wọ ogun àgbáyé, oṣù tí ogun náà sì bẹ̀rẹ̀ ni Tógò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1918, ó sá kúrò nílùú. Títí di òní ni àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí bí ayé ìbá ti rí ká ní ọ̀fun bàbá rẹ̀ yè.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọjọ́ ìsinmi kan tí ẹbí pé jọ sílé wa ní Ìbà. Nígbà tí mo parí, wọ́n fi ohùn tí ó ti há sínú béèrè bóyá ọba náà kò lówó ni. Mo ní ó lówó. Wọ́n ní bí olówó bá yan ikú, kí ni àwọn fẹ́ ṣe? Mo dá wọn lóhùn pé ọdún 1887 kọ́ ni a wà, mo sì wí fún wọn ohun tí mo kà.

Lónìí, bí a bá tètè rí jẹjẹrẹ gògóńgò, àwọn oníṣègùn lè gba ẹnu wọlé pẹ̀lú ìtànṣán lésà, kí wọ́n gé ibi tí ó wà nìkan. Wọ́n lè gé apá kan gògóńgò kí wọ́n dá èyí tí ó kù sí. Ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ láìlo ọ̀bẹ wà pẹ̀lú. Ọdún 1895, ọdún méje lẹ́yìn ikú ọba náà, ni Röntgen rí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ní Jámánì tirẹ̀ gan-an, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 2019. Bí àrùn bá ti jinlẹ̀, wọ́n a yọ odindi gògóńgò, wọ́n a sì yọ àwọn kókó ọrùn tí ó bá ti ràn dé. Ohun tí ó sọ ìyẹn di ohun tí ènìyàn ń là kọjá ni pé wọ́n ń rán orí kòmóòkun mọ́ awọ ọrùn, tí ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ kò fi ní ohunkóhun pa pọ̀ mọ́. Ẹni náà yóò máa gba ihò ọrùn mí títí ayé. Ohùn ti tán-án-ná yóò lọ, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ bí a ti ń fi afẹ́fẹ́ ọ̀nà oúnjẹ sọ̀rọ̀, ó lè lo ẹ̀rọ kékeré tí a ń gbé ti ọrùn, wọ́n sì lè fi fáàfù kékeré kan sáàárín kòmóòkun àti ọ̀nà oúnjẹ kí ohùn mìíràn lè gba ibẹ̀ jáde.

Wọn kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa kálọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò pe èrò mọ́. Ìwé ni wọ́n ń kọ ní ìdíkọ̀ báyìí, wọ́n ń to ọkọ̀ bí wọ́n ti dé tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n a fi ìka dí ihò ọrùn wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohùn tí ń jáde kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà lẹ́nu wọn, ẹni tí ń gbọ́ ni yóò wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó mọ èyí tí wọ́n ń wí. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó síbi ìsọmọlórúkọ àbúrò mi lóṣù tí ó kọjá, wọ́n sì wúre fún ọmọ náà, a sì ṣe àmín.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohùn ni ọjà tí àwa tí ń kọ́ èdè ń tà. Nínú ìtàn Friedrich Kẹta, mo rí i pé kì í ṣe àìlówó ni ó ń pa ènìyàn nígbà gbogbo, kì í sì í ṣe àìrí oníṣègùn. Àkókò tí ó sá lọ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ń jiyàn, tí àwa tí a kò mọ̀ sì ń lá oyin, òun náà wà níbẹ̀. Bí ohùn ẹnikẹ́ni nínú wa, tàbí ti bàbá wa, tàbí ti olùkọ́ wa, bá há tí ó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí ó lọ rí oníṣègùn ọ̀fun, pàápàá bí ó bá ń mu sìgá tàbí ọtí líle. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ẹyin ohùn wa balẹ̀.